Sítíárì Tó Fúyẹ́ Jù

Ní ìdoríkodò ni Lateefah kọ́kọ́ rí i. Lateefah fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan tí iná rẹ̀ ti kú, orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta lẹ́nu ìlẹ̀kùn, wáyà pupa kan sì wà láàárín eyín rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ igbe lójú ọ̀nà: "Ẹ tì í! Ẹ má dúró o, ẹ tì í!" Ó yíjú síta, ó rí ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan tó dúdú bí kóró iṣin, tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á rò pé ó ń rákòrò, tí ọkùnrin mẹ́rin ń tì bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

Ọkùnrin karùn-ún ló wà lẹ́nu sítíárì. Ó ju táì rẹ̀ sẹ́yìn èjìká, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó sì ń bá sítíárì náà jà bí ẹni tó fẹ́ mú àgbò Iléyá mọ́lẹ̀. Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ọkọ̀ náà ò yà ju ìwọ̀n ọmọ ìka lọ. Díẹ̀ báyìí ló kù kí imú rẹ̀ wọ kòtò ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n rí i dá dúró, ọkùnrin náà nu òógùn ojú, ó wá bá ẹsẹ̀ méjì tó rí lẹ́nu ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Rewáyà ni mo wá rí."

Lateefah yọ wáyà lẹ́nu. "Bàbá mi ni rewáyà. Wọ́n wà lẹ́yìn. Èmi kì í sì í ṣe bọ̀ọ̀dá."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá. Ojú rẹ̀ tó dorí kodò ṣe kòńgẹ́ ojú ọmọbìnrin náà. "Áà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ yín ló tàn mí."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ìtìjú bò ó, ó sá padà sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ahun tó fa orí sínú ìkarahun. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà, ẹ̀rín tí kò ní ẹ̀gàn nínú. Ó yà á lẹ́nu pé òun náà ń rẹ́rìn-ín níbi tó fara pamọ́ sí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Lateefah lọ́dún 2007 yẹn. Dáúdà bàbá rẹ̀, ọmọ Ìwó tó wá ríṣẹ́ sí Ìkòròdú, ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná ọkọ̀, láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti kéré débi pé ó máa ń wọ ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò lè wọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ẹnu ni kò ní. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, gbígbọ́ ni tirẹ̀. Bí àgbà bá ní dúdú ni funfun, á wolẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, sà." Wọ́n fi ń yìn ín ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìwà tí wọ́n ń yìn yẹn máa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Adéòjó ni orúkọ ọkùnrin náà. Báńkì kan ní Marina ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ láràárọ̀ ní èbúté Ìpakòdò. Bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ dúdú náà. Bàbá Ògúnwálé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló kó o bọ̀ láti Jámánì lọ́dún 1988, nígbà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ náà bá ti ń kù bọ̀ lẹ́yìn, àwọn awakọ̀ yòókù á ti máa yà fún un. Ṣùgbọ́n àìsàn kọlu bàbá náà lọ́dún tó ṣáájú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé pọ́ńpù tó ń fi ọ́ìlì ran sítíárì lọ́wọ́ ti gan, ó já bẹ́líìtì, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ lọ́jà.

"Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti ní ká lọ tà á fún àwọn onírin," Adéòjó sọ fún Dáúdà. "Mi ò tíì lè sọ ọ́ délé. Ẹ wò ó, sà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ni ìpàdé ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi ní bí òun ò bá fọwọ́ ara òun wa ọkọ̀ yìí débẹ̀, òun ò tún ní jáde nílé mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Dókítà ní kí wọ́n máa jáde, kí wọ́n máa lo ọwọ́ yẹn. Wọn ò gbọ́. Ẹ̀yìn wíńdò ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́."

Dáúdà mi orí. "Ọmọ mi, pọ́ńpù yìí ti di ìtàn."

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde: "Bàbá, oníná ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì yíjú. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Lateefah ń wò. "Àwọn tòkunbọ̀ kékeré tó ń wọlé báyìí, sítíárì wọn ò ní pọ́ńpù, kò ní ọ́ìlì. Ẹ̀rọ oníná kékeré kan ló wà lára ọ̀pá sítíárì, níbi orúnkún awakọ̀. Bátìrì ló ń gbé e. Mo ti tú ọ̀kan rí."

"Ti ọkọ̀ ọmọdé yẹn lo fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ eré ìje?"

"Ọ̀pá ni ọ̀pá, Bàbá. Bí ẹnu wọn bá ti bára mu."

Dáúdà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ̀. "Ó dáa. Ìwọ lo máa ṣe é. Ṣùgbọ́n o mọ òfin ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan sítíárì tàbí bíréèkì, òun náà ló máa bá ọlọ́kọ̀ jókòó nígbà tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ lọ ìrìn àjò."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Wọ́n rí ọ̀pá sítíárì oníná yọ lára tòkunbọ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìka mẹ́rin gùn ju ti ọkọ̀ dúdú lọ. Dáúdà ò jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o pọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá fi iná lẹ̀, ọjọ́ tó bá máa já, kì í kéde. Ọ̀dọ̀ Festus, tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni Lateefah gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Festus gbẹ́ ẹnu irin náà kó tó wọra wọn pinpin, tí wọ́n sì fi bóòtù méjì dè é.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Adéòjó bá ti sọ̀kalẹ̀ ní èbúté, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ. Ó ní ọkọ̀ bàbá òun lòun wá wò. Ṣẹ̀rífátù, ìyá Lateefah, tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ti ṣàkíyèsí pé ọkùnrin náà kì í wo ọkọ̀.

"Kí ni kí n bá ọ dì mú?" Adéòjó á béèrè.

"Ẹ bá mi di sípánà yìí mú, Bọ̀ọ̀dá Adé."

"Jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá yẹn máa lọ sílé rẹ̀. Adé nìkan ti tó."

"Ẹ ti dojú sípánà délẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Adé."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Adéòjó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wá, ó ní òun fọwọ́ ara òun sè é. Lateefah ṣí i, ó wò ó títí.

"Kí lèyí? Àsáró tí ara rẹ̀ ò yá?"

"Lateefah! Oúnjẹ àwọn baba mi rèé!"

"Mo ní kí Ọlọ́run wò ó sàn ni." Lẹ́yìn náà ló tọ́ ọ wò. Kò ṣẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ máa jẹ kù.

Adéòjó ti gbọ́ tí Ṣẹ̀rífátù ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àníkẹ́. Lọ́jọ́ tí òun náà kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, púláyà bọ́ lọ́wọ́ Lateefah.

"Ta ló ní kí ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Ọkàn mi."

"Ẹ sọ fún ọkàn yín kó rọra."

"Mo ti sọ fún un. Kò gbọ́." Adéòjó jókòó sórí táyà kan, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Àníkẹ́, ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Bí ọkọ̀ yìí bá ti dé Ẹ̀pẹ́, mo máa sọ fún bàbá mi. Ọ̀rọ̀ wọn labẹ gé nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi Wúràọlá ti ń sọ pé ọmọ rewáyà... Jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́."

"Ó ní ọmọ rewáyà á fi ọ́ìlì yí gbogbo ilé wa."

Lateefah wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Kò sí ọ́ìlì nínú èyí. Oníná ni."

Adéòjó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Lateefah lára. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo bóòtù tó bá dè, bí ẹni pé ọjọ́ ọ̀la òun fúnra rẹ̀ ló ń dè.

Ìṣòro kan ló kù. Ó yẹ kí sítíárì oníná máa gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, á ran awakọ̀ lọ́wọ́ gan-an; bí eré bá ti pọ̀, á yọwọ́ díẹ̀díẹ̀ kí sítíárì lè le. Ọkọ̀ àtijọ́ yìí kò ní ohun tó máa fi sọ fún un. Okùn irin lásán ló ń yí mítà eré rẹ̀. Lateefah wá fi kókó kékeré kan sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn rédíò sókè. Bí wọ́n bá yí i sọ́tùn-ún, sítíárì á fúyẹ́. Bí wọ́n bá yí i sósì, á le. Òun àti bàbá rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde sójú títì, wọ́n wá ibi tó wọ̀n, ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí ìpàdé Ẹ̀pẹ́ ku ọ̀la, Wúràọlá gbé bàbá rẹ̀ wá. Obìnrin gíga ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, kò sì jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Bàbá Ògúnwálé fi ọ̀pá rìn yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹṣin. Ó jókòó sẹ́nu sítíárì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń gbọ̀n dì í mú, ó sì yí i.

Ó yí.

"Ó yí," bàbá náà sọ, bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ṣì le díẹ̀, ọmọ mi. Bá mi dín in kù."

Lateefah fọwọ́ kan kókó náà, ó yí i kan àmì ọ̀dà.

"Ó ṣì le. Tún dín in kù."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Sà, kò sí sítíárì tí kì í le níbi tí ọkọ̀ bá dúró sí. Ojú ọ̀nà lẹ máa ti mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló tò sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí omi lójú bàbá arúgbó náà. Ó rí Adéòjó tó di ọwọ́ mọ́ àyà. Ó rí Wúràọlá tó ń wo aago. Ta lòun, tí òun á sọ fún irú àgbà yìí pé rárá? Ó tẹ orí ba, ó yí kókó náà kọjá àmì pupa.

"Ẹ̀hẹ́n! Èyí gan-an ni!" Bàbá Ògúnwálé ń fi ìka kan ṣoṣo yí sítíárì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adéòjó wo Lateefah bí ẹni tí wọ́n gbé ayé fún. Lateefah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá bàbá náà jókòó níwájú gẹ́gẹ́ bí òfin ṣọ́ọ̀bù. Adéòjó àti Wúràọlá tẹ̀lé wọn nínú ọkọ̀ Wúràọlá. Nínú ìgboro Ìkòròdú, tí ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín, wíwà rẹ̀ dùn mọ́ bàbá náà. Ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọjá Ìtòìkín, tí ọ̀nà là gbalaja níwájú wọn, ẹ̀jẹ̀ ìgbà èwe jí nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀. Abẹ́rẹ́ mítà kọjá ọgọ́rùn-ún. Ó kọjá ọgọ́fà.

Lateefah rí i kó tó ṣẹlẹ̀. Imú ọkọ̀ ti ń mì sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹmu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn.

"Ẹ rọra, sà."

Ohùn rẹ̀ kéré. Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé e mì.

Ihò kan yọ níwájú. Bàbá yí sítíárì ní ìwọ̀n ìka kan, bó ṣe ti máa ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n sítíárì tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ yìí yí ju bó ṣe rò lọ. Ọkọ̀ fò sósì. Ó fà á padà, ó fò sọ́tùn-ún, ó kọjá etí títì, ó sì ya wọ oko ẹ̀gẹ́ kan nítòsí oríta Agbowa. Ebè kìíní, ebè kejì, ebè kẹta. Igi ẹ̀gẹ́ ń já kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lára gíláàsì. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́.

Bẹ́líìtì ìjókòó ló gbà wọ́n. Iwájú orí Bàbá Ògúnwálé bẹ́, egungun èjìká òsì rẹ̀ sì sán. Ara Lateefah bó lásán. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti sáré dé.

"Kí lo ṣe sí sítíárì bàbá mi?" Wúràọlá di èjìká rẹ̀ mú, ó ń mì í. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe sí i?"

Lateefah wo bàbá náà, tí wọ́n gbé jókòó sórí ebè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Ògúnwálé tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Adéòjó wá síwájú Lateefah. "Àníkẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Sọ fún mi."

"Èmi ni mo ṣe é," Lateefah dáhùn.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Wúràọlá ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́ láéláé. Adéòjó kò gba tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè ohun kan náà, èsì kan náà ló sì gbà. Nígbà kejì, kò jókòó.

"Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo tú bóòtù kan ṣoṣo níṣojú mi torí pé kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Ohun kan wà tí o ò sọ."

Lateefah ń fi èékánná họ ọ̀dà ara bẹ́ǹṣì.

"Mo lè bá ẹ̀gbọ́n mi jà nítorí rẹ," Adéòjó ní. "Mo lè bá bàbá mi jà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jà? Àníkẹ́, mi ò lè gbé ilé pẹ̀lú ẹni tí kò lè bá mi sọ̀rọ̀." Ó gba ọ̀nà èbúté lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Dáúdà pe ọmọ rẹ̀ sídìí ọkọ̀ dúdú, tí wọ́n ti wọ́ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kókó náà ti kọjá àmì pupa.

"Ìwọ kọ́ lo máa dá yí i débí."

Omi bọ́ lójú Lateefah. "Wọ́n ní kí n dín in kù, Bàbá. Àgbà ni wọ́n. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mi ò lè sọ ọ́."

Dáúdà pa tọ́ọ̀ṣì. "Mo kọ́ ọ pé kí o máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo gbàgbé láti kọ́ ọ pé sítíárì kì í mọ àgbà." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Èmi náà ní ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àníkẹ́, ẹni tó kúnlẹ̀ sọ òótọ́ fún àgbà kò rí i fín. Ẹni tó jẹ́ kí àgbà wọ kòtò nítorí ìkíni, ṣé ó bọ̀wọ̀ fún un?"

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, Lateefah wọ ẹ̀sìtéètì àwọn Ògúnwálé. Wúràọlá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ta ló ní kí o wá?"

"Bàbá ni mo wá rí, mà."

"Wọn ò fẹ́ rí ọ."

"Wúrà," ohùn kan wí láti inú yàrá, "jẹ́ kó wọlé."

Ẹ̀yìn wíńdò ni Bàbá Ògúnwálé jókòó sí, aṣọ ni wọ́n fi so apá òsì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Lateefah kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún, Adéòjó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibiṣẹ́ bọ̀ wọlé, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Lateefah rí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Kò dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí ẹ ní kí n dín sítíárì kù, mo mọ̀ pé á fúyẹ́ jù lójú eré. Mo mọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo yí i kọjá àmì torí pé mi ò lè wí fún yín pé rárá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

"Ẹ gbọ́ o!" Wúràọlá pàtẹ́wọ́. "Bàbá mi ló wá dá lẹ́bi nínú ilé wọn!"

"Mi ò tíì parí, mà." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde. "Mo fẹ́ tún un ṣe, sà. Mo ti rí ẹ̀rọ kékeré kan tí mo lè fi sídìí okùn mítà, tó máa jẹ́ kí sítíárì mọ eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo máa yọ kókó yẹn dànù, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa yí. Bí eré bá pọ̀, á le. Á le ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Bí ẹ bá ní kí n dín in kù, sà, mi ò ní dín in kù."

Bàbá Ògúnwálé yíjú kúrò lójú wíńdò.

"Wúràọlá," ó wí, "jókòó."

"Dádì..."

"Mo ní kí o jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò lọ. Ọmọ yìí ò fẹ́ yí nǹkan yẹn. Mo rí i lójú rẹ̀. Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i, ṣé mi ò mọ ohun tí sítíárì tó fúyẹ́ lè ṣe ni? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yí i, inú mi dùn, mo fẹ́ kí gbogbo yín rí i pé ọwọ́ mi ti padà. Nínú oko ẹ̀gẹ́ yẹn, ó wò mí. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Ojú tì mí, mo wolẹ̀." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Ọmọ, dìde. Àgbà ló yẹ kó bẹ̀ ọ́."

"Ẹ má bẹ̀ mí, sà."

"Ó ti tún ní kí n má ṣe nǹkan!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. "Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí o. A ò ní sinmi mọ́."

Wúràọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó lọ bu omi tútù, ó gbé e fún Lateefah pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Adéòjó sìn ín dé géètì.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́ lẹ́yìn bàbá yín, òfófó ni. Iwájú wọn ló yẹ kí n ti sọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ó kàn pẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi débẹ̀ ni."

"Mo bínú sí ọ gan-an."

"Mo mọ̀."

"Mo ṣì ń bínú díẹ̀."

"Ẹ máa bínú lọ. Ẹ kàn máa wá sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ṣe ń bínú."

Ó lé ní oṣù méjì kí èjìká bàbá tó jinná, kí ọkọ̀ dúdú náà sì tó tún tọ́. Lateefah yọ kókó kúrò, ó gbé ẹ̀rọ tó tó àtàǹpàkò sídìí okùn mítà, òun àti Dáúdà sì wà á ní ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹdè kó tó sọ pé ó ti ṣe tán.

Òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni wọ́n tún gbéra lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lateefah jókòó níwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, Adéòjó àti Wúràọlá há mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Wọ́n kọjá Ìtòìkín. Oko ẹ̀gẹ́ náà ń bọ̀. Ebè tó fọ́ ti hu koríko. Lateefah gbọ́ tí Wúràọlá ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Abẹ́rẹ́ mítà lọ sí ọgọ́rin, ó lọ sí ọgọ́rùn-ún.

"Ó le," Bàbá Ògúnwálé wí.

"Ó yẹ kó le, sà."

"Mo ní ó le jù!"

"Ẹ dín eré kù, sà, á fúyẹ́."

Bàbá náà wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra díẹ̀ lórí ìtẹ̀. Sítíárì náà rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó dúró ṣinṣin lójú títì bí ìgbà tí èèyàn ń fi rúlà fa ìlà. Lẹ́yìn, Wúràọlá mí síta. "Ọmọ rewáyà," ó wí, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ."

Nígbà tí wọ́n dé Ẹ̀pẹ́, àwọn ẹbí tú jáde. Bàbá Ògúnwálé kò sọ̀kalẹ̀ kíá. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí sítíárì kí gbogbo wọn lè rí i, títí wọ́n fi yí ọkọ̀ ká.

Adéòjó fa Lateefah sẹ́yìn, wọ́n sì rìn lọ sétí ọ̀sà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ń ṣa ẹja sínú ọpọ́n, omi ń kán láti apá wọn.

"Mo ti bá Dádì sọ ọ́ láàárọ̀ yìí kí a tó kúrò nílé," Adéòjó wí. "Wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn fọ́jú ni. Wọ́n ní kí n tètè ṣe é kí ẹlòmíì tí sítíárì tirẹ̀ gan tó dé ṣọ́ọ̀bù náà." Ó dúró, ó kọjú sí i. "Àníkẹ́ mi. Ṣé o máa fẹ́ mi? Ṣé kí n kó àwọn èèyàn mi wá bá bàbá rẹ lóṣù tó ń bọ̀?"

Lateefah wo ojú omi. "Rárá."

Ọwọ́ Adéòjó tó fẹ́ di tirẹ̀ mú dúró sínú afẹ́fẹ́. "Rárá kẹ̀?"

"Bàbá mi ò ní sí nílé lóṣù tó ń bọ̀. Ìwó ni wọ́n ń lọ." Ó gbójú sókè, ó wò ó lójú tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ kó wọn wá."

Adéòjó la ẹnu sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó ti ń tẹ́tí látìgbà náà gbé ọpọ́n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Ọkùnrin yìí, ṣé o ò gbọ́ ni?" ó ké. "Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!"